Kí ẹ tó mú ẹ́ńjìnì síìtì Golf GTI yín le: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀yin tí ẹ ní Golf GTI ìran karùn-ún nílùú Èkó, tí ẹ sì ń ronú àtiyọ rọ́bà ẹ́ńjìnì síìtì rẹ̀, ìyẹn ohun tó di ẹ́ńjìnì mú sára ọkọ̀, kí ẹ fi polyurethane, ike kan tó le ju rọ́bà lọ, rọ́pò rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Owó mi ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, oorun mi ti bá a lọ, ìjà sì ti dé láàárín èmi àti àwọn tí mo rò pé wọ́n mọ iṣẹ́. N kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kà á dópin kí ẹ tó gbé owó lọ sí Ládípò.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi, ti ọdún 2007, ẹ́ńjìnì 2.0 TFSI pẹ̀lú gíà DSG tó ń yí ara rẹ̀. Agbára ẹṣin 200 ló ní. Agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 280 Nm, ó sì ń mú un jáde láti nǹkan bí ìyípo 1,800 ní ìṣẹ́jú kan lọ sókè. Fún ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ táyà iwájú ló ń wọ́ ọ lọ, kékeré kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń jí ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú kí n lè wà á kọjá lórí Third Mainland Bridge kí ọ̀nà tó kún.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni ìró kan, gbì, nígbàkúùgbà tí mo bá fa gíà láti P sí R láàárọ̀. N kò kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tó yá, bí mo bá tẹná láti ìdúró, pàápàá tí òjò bá ti rọ̀ sójú títì, iwájú ọkọ̀ á máa ta pàù-pàù-pàù, sítíárìn á sì máa jà mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé táyà ń yọ̀ lásán. Ó ń fò ni: ó ń já ilẹ̀ gbà, ó sì tún ń mú un, kíákíá-kíákíá. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ara ọkọ̀ á tún gbì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ́ńjìnì ṣe jókòó sínú ọkọ̀ yìí, torí orí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Dábùú ni wọ́n gbé e síwájú. Síìtì mẹ́ta ló di òun àti gíà mú. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, níwájú èrò, lábẹ́ ike kúláǹtì. Rọ́bà ni, omi kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń pa ìgbọ̀nrìrì. Èkejì wà lápá òsì, lórí gíà, lábẹ́ bátìrì. Orí àwọn méjì yìí ni ìwúwo ẹ́ńjìnì rọ̀ sí. Ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín gíà àti férémù ìsàlẹ̀, irin kúkúrú tí wọ́n ń pè ní dogbone, pẹ̀lú bọ́ṣìn rọ́bà ńlá tó wà nínú férémù náà. Èyí kò gbé ìwúwo kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di ẹ́ńjìnì mú kó má yí.

Ìdí tí yóò fi fẹ́ yí ni pé bí táyà bá ń yí síwájú, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ á fẹ́ yí sẹ́yìn. Agbára tó sì ń yí i ju 280 Nm yẹn lọ fíìfíì, torí gíà kìíní ti sọ ọ́ di ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣáfù, irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà. Ẹ tẹná láti ìdúró, gbogbo agbára yẹn á já lu àwọn síìtì, ti ìsàlẹ̀ á sì jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ fi àlàfo sílẹ̀ nínú rọ́bà rẹ̀ kí ìgbọ̀nrìrì má baà wọ inú ọkọ̀. Tí rọ́bà náà bá wá gbó, tó sì ya, ẹ́ńjìnì á yí sẹ́yìn, rọ́bà á tì í padà, á tún yí. Fífò táyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ mi ní Kẹtù ló kọ́kọ́ fi hàn mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ o." Ó lé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níwájú ọkọ̀, òun náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n fa gíà sí D, kí n fà á sí R, kí n tún dá a padà. Ó fi fóònù rẹ̀ ká a sílẹ̀ torí pé n kò lè rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Nígbà tí mo wo fídíò náà, àyà mi já. Orí ẹ́ńjìnì ń sún sẹ́yìn sún síwájú tó ìbú ìka méjì. Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí fúnra yín, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ọkọ̀ tàbí sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, kí hándíbíréèkì sì wà lókè.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ síìtì ọ̀tún. Omi dúdú kan ti ṣàn lára rẹ̀, ó ti gbẹ mọ́ irin, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní omi inú rẹ̀ ló ti jò jáde tán. Tí omi yẹn bá ti lọ, síìtì náà á wọlẹ̀, ẹ́ńjìnì á tẹ̀ sápá kan, ti ìsàlẹ̀ á wá máa ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ti ìsàlẹ̀ nìkan nígbà tí ti ọ̀tún ti kú, tuntun tí ẹ fi síbẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́.

Kí ẹ tó dá síìtì lẹ́bi, ẹ yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò. Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró ní ojú iná, gbogbo wa sì ti gbà pé síìtì ni. Bàbá ní ká fi skánà wò ó ná. P0302 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì kò jó dáadáa. Kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì rẹ̀ níná ló ti kú. A pààrọ̀ rẹ̀, a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbọ̀nrìrì ìdúró sì wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnì yìí tún ní àìsàn kan: inú sílíńdà tààrà ló ń fín epo sí, nítorí náà epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, dúdú á máa dì síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tí dúdú ti dí ibẹ̀ á máa gbọ̀n láàárọ̀ bí ìgbà tí síìtì rẹ̀ ti já. Orí inú ṣáfù tó ti jẹ náà máa ń gbì. Ẹni tó bá ra síìtì nítorí kọ́ìlì tó kú, owó rẹ̀ ti wọmi. Bó bá wá lọ ra èyí tó le, ìgbọ̀nrìrì kọ́ìlì yẹn á wá rí ọ̀nà tààrà gbà wọ inú ọkọ̀.

Nígbà tó wá dá wa lójú pé síìtì ọ̀tún àti ti ìsàlẹ̀ ti lọ, mo gba Ládípò lọ ní Muṣin. Oríṣi méjì ni wọ́n gbé síwájú mi. Àkọ́kọ́ ni ohun tí gbogbo wa ń pè ní Belgium, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ọkùnrin tó ń tà á gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Madam, na original be this." Òótọ́ ni pé àmì Volkswagen wà lára rẹ̀. Mo yí i padà. Wọ́n máa ń tẹ aago kékeré kan sára ike tàbí rọ́bà tó fi oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é hàn. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọkọ̀ mi dọ́gba lọ́jọ́ orí. Rọ́bà kì í dúró de ẹni tó máa rà á. Ó ń gbó lórí àtẹ, oòrùn Muṣin sì ń bá a gbó o. Mo tẹ etí rẹ̀ pẹ̀lú èékánná àtàǹpàkò, ìlà tín-tìn-tín tín-tìn-tín sì là lójú rẹ̀. Mo dá a padà fún un.

Oríṣi kejì ni tuntun, tó wà nínú páálí. Òmíràn nínú wọn dára, òmíràn kò ju ayédèrú tí wọ́n tẹ orúkọ ńlá sí lára lọ. Ohun tí mo fi ń dá èyí tó ní omi nínú mọ̀ ni pé ó wúwo lọ́wọ́. Mo rí ọ̀kan tó fúyẹ́ gbáà, rọ́bà lásán ló wà nínú rẹ̀.

Mo kúrò níbẹ̀ láìrà nǹkan kan, mo sì yíjú sí polyurethane. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré lókè òkun ti ń lò ó tipẹ́. Kì í gbó bíi rọ́bà, ọ́ọ̀lì kì í jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣe bó ṣe wù ú. Wọ́n ń fi òǹkà Shore A wọn bó ṣe le tó. Bí òǹkà bá ṣe ga tó ló ṣe le tó. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú pópó máa ń wà ní nǹkan bí 70 tàbí 80, ti pápá ìdíje sì lè tó 95. Ti síìtì ìsàlẹ̀ rọrùn jù lọ láti fi sí: ike tó nípọn ni, wọ́n gé e lọ́nà tí yóò fi kún àlàfo inú bọ́ṣìn tó ti wà nínú férémù, kò sì ní kí ẹ fi ẹ̀rọ fa bọ́ṣìn náà yọ. Ti òkè méjèèjì ni ẹ máa pààrọ̀ lódindi.

Àwọn tó ń tà á sábà máa ń di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀dínwó sì wà fún ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀, òǹkà 80. Bàbá mẹkáníìkì mi ní Kẹtù wò ó, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Ó ní, "Àǹtí, ti ìsàlẹ̀ yìí dáa. Àwọn tòkè yìí ti le jù fún ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn." Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ eré, torí pé àwọn yẹn ní gbogbo ohun èlò.

Wọ́n bá mi fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ọkọ̀ náà dára lóòótọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹná lójú ọ̀nà tó ṣófo. Gíà ń wọlé wẹ́rẹ́, gbì ti parẹ́, táyà kò fò mọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan nínú ọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìyá mi láti Ìkẹjà, a ń lọ sí apá Bérger, a sì bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ooru mú, AC wà ní títàn. Bí ọkọ̀ ṣe dúró tí gíà wà ní D, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dígí ìwẹ̀yìn ń gbọ̀n débi pé iná ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa di ìlà méjì-méjì nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn àpótí dáṣíbọọ̀dù ń dún. Owó ẹyọ àti kọ́kọ́rọ́ tó wà níbi ìfikọ́ọ̀pùsí ń jó. Mo gbé eyín mi kan ara wọn, mo sì ń gbọ́ ìgbọ̀n náà nínú wọn. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC bá gbé iṣẹ́, á tún le sí i. Tó bá gbé e sílẹ̀, á rọlẹ̀ díẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé mọ́tò yìí fẹ́ kú mọ́ wa lórí?" Mo ní rárá, mo ṣe nǹkan tuntun sí i ni. Ó ní, "Nǹkan tuntun wo? Pa AC yìí, jọ̀ọ́." Mo pa á. Ìgbọ̀n náà dín kù, a sì jókòó sínú ooru títí a fi kúrò níbẹ̀.

N kò sùn dáadáa mọ́jú. Owó tí mo ná kò ṣe é gbà padà, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá ìgbọ̀n yẹn á tú bólítì kan níbi tí n kò mọ̀.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́rin, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìgbà méjì ni iná ń jó nínú rẹ̀. Bó bá dúró ní nǹkan bí ìyípo 750 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù 25 ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlù tó rọra ń lọ báyìí ni ara ènìyàn ń gbọ́ jù, òun náà ló sì ń mi dígí àti ike dáṣíbọọ̀dù. Rọ́bà àti omi inú síìtì ọ̀tún, torí ìlù yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Bí a bá yọ ọ́, tí a fi ohun tó le síbẹ̀, ìlù náà á gba inú irin wọlé tààrà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ lu ògiri yàrá yín láti ìta. Lórí ìrìn, ní ìyípo 2,500, ìlù náà á ti di nǹkan bí 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí lè gbọ́ híhùn rẹ̀ díẹ̀, ara kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi dùn lójú ọ̀nà tó ṣófo, tó sì di ìyà nínú go-slow. Ẹni tó ń kọ̀wé láti ìlú tí ọ̀nà ti ń ṣí, tó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, kò parọ́. Kò jókòó ní Bérger ni, pẹ̀lú AC ní títàn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tó fi wọ́n sí. Wọ́n ní kí n máa wà á, pé yóò mọ́ ara. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn: polyurethane máa ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rìn fúngbà díẹ̀. Mo wà á. Ó rọ̀ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyá mi kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí go-slow kò sí kó tó di pé mo jáde nílé. Nígbà tí mo tún padà lọ, ohùn ti yí. Wọ́n ní n kò mọ ohun tí mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo gbé ọkọ̀ mi kúrò níbẹ̀.

Bàbá ní Kẹtù kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ẹ lọ ra rọ́bà tuntun méjì fún òkè, ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ẹ̀yà Volkswagen wọlé, kì í ṣe lórí àtẹ. Ti ọ̀tún wúwo lọ́wọ́ bó ṣe yẹ.

Bó ṣe ṣe é yẹ kí ẹ mọ̀. Kó tó tú nǹkan kan, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà yí ibi tí irin síìtì jókòó sí lára ọkọ̀, torí ihò bólítì wọn fi àyè sílẹ̀ díẹ̀. Bí a kò bá dá a padà sí ojú rẹ̀, ẹ́ńjìnì á yà sápá kan, á sì máa fa ti ìsàlẹ̀. Ó gbé jáàkì sábẹ́ ẹ́ńjìnì, ó fi pákó tó fẹ̀ sáàárín jáàkì àti àgbá ọ́ọ̀lì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé láìfi pákó sí i, tí àgbá náà tẹ̀ wọnú. Síìtì kan ló ń tú lẹ́ẹ̀kan. Kò tú méjì pọ̀ rárá.

Nígbà tí òkè parí, ọkọ̀ náà ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ó ṣì ń gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ ní D. Bàbá ní polyurethane ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo kò yẹ kó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó pè mí, èmi náà rọra bẹ̀rẹ̀ wò ó. Irin dogbone náà kò jókòó sáàárín ihò rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ iwájú gbagbagba, ike polyurethane ibẹ̀ ti fún pọ̀, àlàfo sì wà lẹ́yìn tí mo lè fi èékánná kàn. Nígbà tí wọ́n ń fi í sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ti gbé gíà sórí jáàkì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti di bólítì pa. Bí wọ́n ṣe sọ jáàkì kalẹ̀, ẹ́ńjìnì padà síbi tó ń gbé, ó wá ń ti bọ́ṣìn náà ní tọ̀sán-tòru láìtíì tẹná rárá. Ohunkóhun tó le tí wọ́n bá ti fún mọ́ra báyẹn, kò ní rírọ̀ kankan mọ́. Irin lásán ló kù.

Mo rò pé ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi mú dání nìyí, kódà bí ẹ kò bá ra polyurethane láéláé. Bí ẹ ṣe di síìtì ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ fi sínú rẹ̀. Bàbá dẹ bólítì náà, ó yọ jáàkì pátápátá, ó jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí kòtò ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnì, kí n tẹ bíréèkì, kí n fa gíà sí D, sí R, sí N, ká tún un ṣe, kí n wá pa á. Ó fi ọwọ́ mi ẹ́ńjìnì síwá sẹ́yìn. Ó fi í sílẹ̀ kó jókòó síbi tó wù ú. Lẹ́yìn náà ló tó wá di bólítì ìsàlẹ̀ pa. Mo tan ọkọ̀, mo fà á sí D, mo tan AC. Mo wo dígí ìwẹ̀yìn. Mo rí ojú ọmọ iṣẹ́ tó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kedere. Omi bọ́ lójú mi, n kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nípa bólítì náà: èyí tó di dogbone mú jẹ́ irú tó máa ń fà gùn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dì í. Wọ́n á kọ́kọ́ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń di bólítì, dì í dé ìwọ̀n kan, wọ́n á wá yí i ní ìdá mẹ́rin àyíká sí i. Bó bá ti fà gùn lẹ́ẹ̀kan, kò ṣe é fọkàn tán lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé àtijọ́ ṣì lágbára. Owó bólítì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tó já bọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì wá ìwọ̀n dídì rẹ̀ fún ẹ́ńjìnì tiyín gan-an. Bàbá kò ní torque wrench tẹ́lẹ̀. Mo ra ọ̀kan, mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ti ń lò ó fún ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró mìíràn tún dé, kíìn, kíìn, bí mo bá gun bọ́ǹpù. Polyurethane tó gbẹ ni, tó ń ra mọ́ rọ́bà. Gírísì sílíkónì ni ẹ máa fi pa á kí ẹ tó tì í sínú. Gírísì dúdú tí wọ́n fi ń pa bíárìn kò dára níbẹ̀, torí á jẹ rọ́bà àtijọ́ tó ṣì wà nínú férémù, á sọ ọ́ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́.

Ẹ yẹ paìpù sáléǹsà wò pẹ̀lú, níbi tí apá rírọ̀ rẹ̀ tí wọ́n hun wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní flexible. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì mi fi ń yí síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ń tẹ̀. Ti ọkọ̀ mi ti ya, èéfín sì ti ń jáde níbẹ̀ kó tó di pé a rí i. Ẹni tó bá ti pẹ́ pẹ̀lú síìtì tó já, kí ó fi owó paìpù yìí sínú ìṣírò rẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń gé táyà àtijọ́, wọ́n á fi ìlà rẹ̀ kún àlàfo síìtì tó ti já. Mo mọ̀ pé owó ló ń fà á, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àmọ́ táyà ní wáyà irin nínú, ibi tó bá fi kan bọ́ṣìn, á jẹ ẹ́. Àwọn tó gé e kò sì lè mọ bó ṣe le tó. Bí owó kò bá tíì tó, ó sàn kí ẹ ra rọ́bà tuntun fún ti ìsàlẹ̀ nìkan, kí ẹ máa rọra tẹná kó má baà tètè bàjẹ́ bí mo ṣe sọ, títí owó ti òkè á fi wọlé.

Ní báyìí, bí ọkọ̀ bá tutù láàárọ̀, tí mo fà á sí R, tí AC wà lórí, mo ṣì ń mọ ìgbọ̀n kékeré kan lára sítíárìn. Ó máa ń lọ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Nínú go-slow tó bá dúró pátápátá, mo máa ń gbé gíà sí N. Bí mo bá tẹná láti ìdúró, táyà lè yọ̀ lójú òjò, àmọ́ kì í fò mọ́. Ìyá mi ti tún ń wọ ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, AC sì máa ń wà ní títàn.

Ẹni tó bá fẹ́ máa yẹ tirẹ̀ wò láìtú nǹkan kan, kí ó ṣe ohun tí Bàbá ṣe sí tèmi. Lẹ́yìn tó di bólítì pa, ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí bólítì bọ́ sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí a bá ti gbé ọkọ̀ sókè láti pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, tọ́ọ̀ṣì la kàn ń tàn síbẹ̀. Bí ìlà orí bólítì bá ti yà kúrò lójú ti ara irin, bólítì ti ń tú nìyẹn, tuntun sì la máa rà, a kò ní wulẹ̀ tún àtijọ́ dì.